Èéfín vape kì í ṣe omi lásán

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, pé omi gbígbóná lásán ló wà nínú vape (sìgá oníbátìrì tó ń gbóná oje di èéfín), pé ẹni tó ń fà á kò yàtọ̀ sí ẹni tó fi aṣọ bora lórí ìkòkò àgbo. Irọ́ ni.

Mo gba ọ̀kan lọ́wọ́ àbúrò mi ní àdúgbò Under G, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Oje inú rẹ̀ ń yọ̀ lọ́wọ́ bí òróró, ó ń ta sánsán bíi máńgòrò. Kẹ́míkà olómi méjì, propylene glycol àti glycerine, ló pọ̀ jù níbẹ̀; ara páálí rẹ̀ sì kọ ọ́ gàdàgbà: nicotine, 20 mg/ml. Nicotine yìí kan náà ló wà nínú tábà, òun ni kì í jẹ́ kí amusìgá lè jáwọ́.

Lóòótọ́, tábà kankan kò jó níbẹ̀, nítorí náà ewu rẹ̀ kéré sí ti sìgá fún ẹni tó bá fi rọ́pò rẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mu sìgá rí, kí ló ń wá níbẹ̀?

Àbúrò mi ní èéfín tirẹ̀ ti ń korò, bóyá "omi ló tán", ló bá fẹ́ bu omi inú ọ̀rá (pure water) sí i! Òwú tó yí wáyà inú rẹ̀ ká ló ti jóná. Wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ ni, wọn kì í bomi rin ín.