Irọ́ ni pé bàtà tí a kò wọ̀ kì í gbó

Ìyá mi ní àṣà kan tí ọ̀pọ̀ ìyá ní: bàtà tó bá dára, inú páálí ló ń gbé, orí wọ́dìróòbù ni páálí ń gbé, ọjọ́ ìnáwó nìkan ló sì ń rí ìta. Mo jogún àṣà náà. Mo ra kánfáàsì funfun kan, tuntun ni, kì í ṣe òkìríkà. Mo wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo bá gbé e pamọ́. Ó pé ọdún méje kí n tó tún gbé e jáde, nígbà ìgbéyàwó àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. A ò tíì jó dé ọ̀dọ̀ olórin tí mo fi rí i pé nǹkan ń já bọ́ lẹ́yìn mi bí èérún búrẹ́dì gbígbẹ. Mo wolẹ̀. Gìgísẹ̀ bàtà ọ̀tún ti lọ. Kò ya, kò sì ṣí. Ńṣe ló rún wómúwómú. Mo fi ìka tẹ èyí tó kù, ìka mi sì wọ inú rẹ̀ bí ẹni tẹ kéèkì.

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ní ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á, mo sì bá a jà gidigidi. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ti padà lọ bẹ̀ ẹ́, mo sì ń kọ èyí kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí gbogbo wa gbà gbọ́ ni pé wíwọ̀ ló ń gbó bàtà, nítorí náà bàtà tí ẹsẹ̀ kò kàn á wà bẹ́ẹ̀ títí. Lóòótọ́, wíwọ̀ ló sábà máa ń gbó rọ́bà tó ń kanlẹ̀, àti aṣọ àti awọ òkè rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín rọ́bà àti ẹsẹ̀ yín, fóòmù kan wà níbẹ̀ tó ń gbé ara yín. Nínú ọ̀pọ̀ kánfáàsì, polyurethane ni wọ́n fi ṣe fóòmù yìí. PU ni àwọn oníbàtà ń pè é. Otto Bayer, onímọ̀ kẹ́míkà kan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní Leverkusen, ní Jámánì, lọ́dún 1937. Ó lágbára, ó ń tẹ̀, ó sì ń padà bọ̀ sípò. Omi ni ọ̀tá rẹ̀.

Kì í ṣe omi òjò nìkan ni mò ń sọ o. Ọ̀kan lára èròjà PU tó wọ́pọ̀ jù nínú bàtà ni polyester; nígbà tí wọ́n ń so àwọn ohun tí wọ́n fi ṣe é pọ̀, omi ló ń jáde kúrò láàárín wọn bí ìdè wọn ṣe ń dì. Bí omi bá wá ráàyè padà wọlé, ìdè á tú. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lásán tó láti ṣe é. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé bí ìdè kọ̀ọ̀kan ṣe ń tú, ásíìdì díẹ̀ ń jáde, ásíìdì yẹn á sì tún mú kí ìdè mìíràn tètè tú. Ìdí nìyẹn tí bàtà fi lè le koko fún ọdún márùn-ún, tí á sì bàjẹ́ pátápátá láàárín oṣù díẹ̀. Ooru ń mú kó yá sí i. Ní Èkó, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ìdájí sábà máa ń ju 80 lọ nínú 100, orí wọ́dìróòbù tó wà lábẹ́ páànù sì gbóná ju ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ. Ibi tí a fi bàtà ìnáwó pamọ́ sí gan-an ló ń pa á.

Àwọn tó ń wé e sínú náílọ́ọ̀nù kí afẹ́fẹ́ má baà kàn án ńkọ́? Bí bàtà bá ti ní òógùn tàbí ọ̀rinrin lára, ẹ ti tì í mọ́lé pẹ̀lú ọ̀tá rẹ̀ nìyẹn. Àpò kékeré oníhóró tó máa ń wà nínú páálí ń fa omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti mu yó, iṣẹ́ rẹ̀ parí.

Owó kò gba bàtà lọ́wọ́ èyí. Air Jordan 3 ti ọdún 1988 àti Air Jordan 4 ti ọdún 1989, bàtà tí àwọn èèyàn fi owó gọbọi rà pamọ́ ní Amẹ́ríkà, PU ló wà nínú wọn, fóòmù àwọn ti ìgbà náà sì ti ń rún lẹ́sẹ̀ àwọn tó bá dán wọn wò. Kánfáàsì Converse Chuck Taylor kò ní irú ìṣòro yìí, torí rọ́bà ni sóòlù rẹ̀. EVA, fóòmù fúyẹ́ tó wà nínú ọ̀pọ̀ bàtà eré ìje, kì í rún báyìí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń pẹlẹbẹ. Bí ẹ bá ń ra òkìríkà ní Yaba, ẹ má wo ìmọ́tótó rẹ̀ nìkan. Ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ fóòmù níbi tó ti pàdé ara bàtà. Bó bá sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ilẹ̀ ọyẹ́, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ dá a padà, ìbáà dán bíi dígí.

Ní ti àtúnṣe, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣe é. Bí sóòlù bá ṣí lẹ́nu ṣùgbọ́n tí fóòmù ṣì le, gọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ ló kú, ìyẹn sì rọrùn. Ẹ fi sáńpépà ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò lójú méjèèjì, ẹ nù ún, kó gbẹ. Gọ́ọ̀mù inú agolo tí àwọn ṣúmékà ń lò ni kí ẹ rà, ẹ má ra súpà gúlù. Súpà gúlù máa ń gan bíi gíláàsì, bàtà sì ń tẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ohun tó gan á ṣẹ́. Ẹ fi gọ́ọ̀mù pa ojú méjèèjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ wá ní sùúrù fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìka yín mọ́. Ìgbà náà ni kí ẹ pa wọ́n pọ̀, kí ẹ sì fojú sun ún dáadáa, torí bó bá ti kanra, kò sí àtúntò. Ẹ fi rọ́bà tíúùbù kẹ̀kẹ́ dì í yíká bí àwọn ṣúmékà ti ń ṣe, ó di ọjọ́ kejì. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí iná má sì sí nítòsí.

Ṣùgbọ́n bí fóòmù bá ń rún, kò sí gọ́ọ̀mù tó lè gbà á. Gọ́ọ̀mù á di ìyẹ̀fun mú dáadáa; ìyẹ̀fun ni kò di ara rẹ̀ mú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lẹ tèmi kí n tó gbà. Níkẹyìn, mo ra òkìríkà kan tí aṣọ rẹ̀ ti ya ṣùgbọ́n tí sóòlù EVA rẹ̀ pé, ìwọ̀n kan náà. Mo fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun mú gọ́ọ̀mù rẹ̀ gbóná títí sóòlù fi ṣí, mo fi ọ̀bẹ ha gbogbo PU kúrò lára tèmi, mo sì pa wọ́n pọ̀. Oṣù kẹjọ nìyí tí mo ti ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Mo ti gbé páálí ìyá mi sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú. Bàtà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, a jókòó sórí ẹní, a fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ti sán. Mẹ́ta ṣì le. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, láìsí ìnáwó kankan, ó wọ ọ̀kan nínú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.