Ẹ Yé Fi Lẹ́tà Pupa Dẹ́rù Bà Wá!

Ó tó gẹ́ẹ́! Àwọn tó ń ṣe áàpù fóònù tún ti fi ìkìlọ̀ wọn ṣe é láàárọ̀ yìí, àyà mi ò sì tíì balẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Màmá mi ló pè mí, aago márùn-ún ò tíì lù. Ohùn wọn ń gbọ̀n. "Ọmọ mi, mo ti ba fóònù yìí jẹ́ o. Ó ní gbogbo fọ́tò máa lọ." Fọ́tò bàbá mi tó ti dolóògbé ló wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Mo ní kí wọ́n kà á fún mi. Lẹ́tà gàdàgbà, pupa bí ẹ̀jẹ̀, àmì onígun mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: iṣẹ́ ti forí ṣánpọ́n, dátà yín lè sọnù. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀: "OK". Kí ló wá OK níbẹ̀? Màmá ò jẹ́ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n rò pé bí àwọn bá tẹ̀ ẹ́, àwọn ti fọwọ́ sí i nìyẹn pé kó pa fọ́tò bàbá rẹ́. Wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì, wọ́n jókòó tì í láti òru, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Ẹ sì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an o. Wi-Fi ló já! Áàpù fẹ́ fi ẹ̀dà fọ́tò pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, ó parí. Fọ́tò kankan ò kúrò níbi tó wà. Kí ló le nínú kí wọ́n kọ ọ́ pé: "Íntánẹ́ẹ̀tì ò sí báyìí. Fọ́tò yín ṣì wà nínú fóònù. A máa tún gbìyànjú"?

Kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Láyé Windows 95, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà nígbà kan, bí áàpù kan bá kọsẹ̀, ohun tí wọ́n máa kọ síwájú ẹni ni pé ó ti ṣe "illegal operation", ìyẹn iṣẹ́ tí kò bófin mu. Ta ló máa ka ìyẹn tí kò ní rò pé òun ti ṣẹ̀ sófin? Àwọn ọlọ́jà orí fóònù náà ti wá kọ́ ọ báyìí, ẹ̀dínwó lásánlàsàn, pupa ni wọ́n ń fi kéde ẹ̀. Ọjọ́ tí olè bá wọ àkáǹtì ẹni lóòótọ́, ṣe lèèyàn máa fọwọ́ gbá ìkìlọ̀ yẹn dànù.

Ní January 13, 2018, ìkìlọ̀ wọ orí fóònù àwọn ará Hawaii, ní Amẹ́ríkà, pé ohun ìjà ń bọ̀. Irọ́ ni. Ìṣẹ́jú 38 kọjá kí àtúnṣe tó wọlé sórí fóònù kan náà. Tiwọn tilẹ̀ ní àtúnṣe! Nígbà tí Wi-Fi màmá mi padà dé, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni áàpù yẹn parí iṣẹ́ rẹ̀. Kò dún, kò kọ nǹkan kan. Ariwo lásìkò ìbẹ̀rù, kẹ́kẹ́ lásìkò ìtura. Èyí ló ń bí mi nínú jù!

Kí ẹni tó kọ lẹ́tà pupa yẹn wá jókòó ti màmá mi láago mẹ́rin òru, kó kà á fún wọn lójú kòrókòró, kó sì ṣàlàyé ohun tí "OK" yẹn túmọ̀ sí.