Gbogbo alángbá ló d'anú délẹ̀

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló d'anú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí ni mo fẹ́ ká gbé wọnú àdúrà òwúrọ̀ wa lónìí o, torí ọ̀pọ̀ wa là ń jí ní aago márùn-ún, tá a pàtẹ́wọ́, tá a kọrin, àmọ́ ká tó ṣe Àmín tán a ti dá ẹjọ́ aládùúgbò tó tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú, a tún ti dá ti ẹni tó gbé nǹkan sí status lórí WhatsApp tá a ní àwa ló ń bá wí.

Ẹkún Jeremáyà orí 3 sọ pé àánú Olúwa ọ̀tun ni ní òròwúrọ̀. Kì í ṣe ìgbà ìgbádùn ni wọ́n sọ ọ́ o, Bábílónì ti jó Jerúsálẹ́mù, tẹ́ńpìlì ti di eérú. Àánú tuntun yẹn làwa náà ń tọrọ láràárọ̀, kí Ọlọ́run má fi tàná ṣírò fún wa, síbẹ̀ ẹjọ́ àná la ṣì so mọ́ ẹlòmíì lọ́rùn. Bí òní ṣe rí ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún (ẹ má bínú, mo mọ̀ pé Kìrìsìtẹ́nì ni wá, òwe ni mo ń pa), tí babaláwo bá gbà pé ọjọ́ díẹ̀ lè yí ọ̀rọ̀ padà, kí ló dé táwa àtúnbí fi rò pé ẹni tó ṣìnà lọ́dún tó kọjá, ibẹ̀ náà ló ṣì wà?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ṣílò, Sámúẹ́lì Kìíní orí kìíní. Hánà ń gbàdúrà, ètè ẹ̀ nìkan ló ń mì, ohùn ò jáde. Élì àlùfáà jókòó sórí àga létí òpó, ó ń wo ẹnu ẹ̀, ó ti pinnu pé ọtí ló ń pa á, ó ní ìgbà wo ló máa jáwọ́ nínú ẹ̀. Àlùfáà o, kì í ṣe ọmọ ìta! Ètè ń mì lóòótọ́, ojú ò purọ́ fún un, ṣùgbọ́n ojú ò lè sọ fún un pé orogún ti fi àìbímọ fi obìnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọọdún débi tí kò fi lè jẹun mọ́. Èyí tó wá dùn mí jù, ilé Élì gan-an ni iná ń jó, Hófínì àti Fíníhásì ọmọ ẹ̀ ń fipá gba ẹran ẹbọ, wọ́n ń bá àwọn obìnrin tó ń sìn lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ sùn.

Àmọ́ mo gbóríyìn fún Baba náà lórí nǹkan kan. Nígbà tí Hánà fèsì jẹ́ẹ́jẹ́ pé rárá olúwa mi, mi ò mutí, ìbànújẹ́ ló wà lọ́kàn mi, Élì ò ní “ṣé èmi lò ń dá lóhùn?”, ó yí ọ̀rọ̀ padà lójú ẹsẹ̀, ó súre fún un. Àgbà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ mọ́, pàápàá nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Hánà jẹun, ojú ẹ̀ ò fà ro mọ́, ilẹ̀ mọ́, òun àti ọkọ ẹ̀ jí ní kùtùkùtù, wọ́n wólẹ̀ jọ́sìn, wọ́n forí lé Rámà. Ẹ kíyè sí i, kò tíì lóyún o!

Mi ò ní kí ẹni tó jẹ yín lówó má san, mi ò sì ní kẹ́ ẹ kó kọ́kọ́rọ́ fún olè torí pé ilẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Torí náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fóònù láàárọ̀ yìí, ẹ bá mi gbà á báyìí:

Baba, o ṣeun tó ò fi tàná bá mi wí. Ẹni tí mo máa pàdé lónìí, nínú mọ́tò, ní ọ́fíìsì, nínú ilé mi pàápàá, tójú ẹ̀ bá le, tí kò kí mi, bá mi di ẹnu mi mú kí n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹ̀. Tí mo bá sì ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ bíi ti Élì, fún mi lóore-ọ̀fẹ́ kí n yí i padà lójú ẹni tí mo sọ ọ́ sí. Lórúkọ Jésù. Àmín.