Ẹ bá mi yọ tapólì kúrò lára Ìjàpá yẹn

Ní Sátidé tó kọjá, mo ń gba àdúgbò kan kọjá ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, mo rí Volkswagen Ìjàpá kan lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ti fi tapólì búlúù wé e láti orí dé táyà, wọ́n sì fi okùn dì í yíká bí ẹrù tó ń lọ sí Kánò. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ọkọ̀ náà, ó hàn gbangba. Èèyàn kì í ra tapólì tó nípọn tó yẹn fún ohun tí kò jọ ọ́ lójú. Mo dúró, mo kan géètì títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ohun tí mo fẹ́ bá onílé náà sọ ni mo ń kọ síbí yìí.

Òjò kọ́ ló ń pa ọkọ̀ àtijọ́ tó ń sùn níta. Omi tó wọlé tí kò rí ọ̀nà jáde ló ń pa á. Ọkọ̀ tí òjò pa lónìí, tí atẹ́gùn àti oòrùn gbẹ lọ́la, yóò pẹ́ láyé ju èyí tí a wé mọ́ inú ọ̀rinrin lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọwọ́ ara mi ni mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ti bàbá mi.

Ọdún 1978 ni bàbá mi ra tiwọn. Tíṣà ni wọ́n. Ní 1975 ni iléeṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, ọdún yẹn kan náà ni owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, wọ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ náà wá ń ronú mọ́tò. Ẹ bi àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n á sọ fún yín pé ọkọ̀ tíṣà ni Ìjàpá, ọkọ̀ nọ́ọ̀sì ni, ọkọ̀ pásítọ̀ ni. Fusca ni àwọn ará Brazil ń pè é, àwọn náà fẹ́ràn rẹ̀ dójú ikú. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2003, wọ́n to èyí tó gbẹ̀yìn ní Puebla, lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣe láyé jẹ́ 21,529,464. Kò ní sí òmíràn mọ́. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí náà ló kù, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí.

Nígbà ayé bàbá mi, ọkọ̀ náà ní gárèjì tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Nígbà tí wọ́n papò dà, tí a pín ogún, èmi ni mo ní kí wọ́n fún mi ní Ìjàpá. Ilé tí mo háyà ni mo gbé e lọ, níbi tí àwa ayálégbé mẹ́rin jọ ń lo àgbàlá kan. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ilé ahun ò gba ahun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ahun ò gba àlejò. Ahun yẹn tilẹ̀ ní ilé. Ìjàpá tèmi kò ní, àfi ibi tóóró kan láàárín tánkì omi àti ògiri.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Ìlú Ọba ló ní kí n bò ó, pé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ àwọn. Mo lọ sí Ògùnpa, mo ra tapólì. Oṣù Kẹrin ni, òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo wé ọkọ̀ náà dáadáa, mo gbé búlọ́ọ̀kù lé etí tapólì kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Ọkàn mi balẹ̀. Oṣù méje gbáko ni n kò fi ṣí i.

Inú oṣù Kọkànlá ni mo tú okùn. Òjò ti dáwọ́ dúró láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ilẹ̀ àgbàlá ti gbẹ táútáú. Mo ká tapólì sókè láti iwájú, omi dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ó so rọ̀ lábẹ́ ọ̀rá náà ní kíkán-kíkán, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń so sábẹ́ ìdérí ìkòkò ìrẹsì. Ọ̀dà ara bọ́nẹ́ẹ̀tì ti lé ròrò. Mo fi èékánná tẹ ọ̀kan, ó là, omi pupa ṣàn jáde. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn, òórùn inú rẹ̀ lé mi padà. Àga tí ìyá mi máa ń jókòó sí ti bu funfun. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tí mo fi tẹ tapólì mọ́lẹ̀, mo sunkún.

Bàbá kan tó ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì nítòsí wa ló wá wò ó. Wọ́n ní kí n yọ àga ẹ̀yìn. Bátìrì Ìjàpá kì í sí lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì, abẹ́ àga ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ló wà. Wọ́n gbé bátìrì kúrò, wọ́n fi sùkúdíráfà kan páànù tó wà lábẹ́ rẹ̀, sùkúdíráfà wọlé wọ̀ọ̀, mo rí ilẹ̀ láti inú ọkọ̀.

"Àǹtí, mọ́ínmọ́ín lẹ sè," ni wọ́n wí. Wọn kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi ewé wé e, ooru ń bọ̀ látòkè, omi ń bọ̀ láti ilẹ̀. Ṣé kò ní jinná ni?"

Gbólóhùn yẹn ló là mí lójú. Ilẹ̀ máa ń mí omi jáde, pàápàá ilẹ̀ tí koríko bá wà lórí rẹ̀. Ní ọ̀sán, oòrùn á mú abẹ́ tapólì gbóná, omi tó wà nílẹ̀ á di ooru, á gòkè. Lóru, ara páànù á tutù, ooru náà á padà di omi, á lẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá kò jẹ́ kí omi òjò wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí omi ilẹ̀ jáde. Ìjàpá tilẹ̀ tún burú níbi èyí ju ọkọ̀ mìíràn lọ, torí ilẹ̀kùn rẹ̀ dí pa débi pé, tí rọ́bà rẹ̀ bá ṣì dára, èèyàn ní láti sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀ kó tó lè tì í láìgbá a. Ohun tó bá ti há sínú rẹ̀ ti há nìyẹn. Kápẹ́ẹ̀tì á mu ún, páànù ilẹ̀ tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì á máa dógùn-ún níbi tí ojú ò tó, títí kan páànù gígùn méjèèjì abẹ́ ilẹ̀kùn tó di ilẹ̀ ọkọ̀ náà mú. Tí àwọn yẹn bá jẹrà, owó ńlá ni.

Eku náà rí ilé gbé. Ibẹ̀ dákẹ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sí ológbò tó lè wọlé. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ò lo omi, ẹ̀yìn ló wà, atẹ́gùn tí fáànù ń fẹ́ gba inú àpótí páànù kan ló ń tù ú lára. Inú àpótí yẹn gan-an ni eku kó koríko, àkísà àti ọ̀rá búrẹ́dì sí. Ká ní mo fi iná sí i tí mo sì wà á jáde lọ́jọ́ yẹn, atẹ́gùn kò ní dé ara ẹ́ńjìnnì, gbígbóná ni ì bá gbóná títí tí yóò fi jó. Ọpẹ́lọpẹ́ mẹkáníìkì tó ní kí a kọ́kọ́ tú u wò.

Mo lọ bẹ lánlọ́ọ̀dù lẹ́yìn náà pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́ gárèjì. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ilé kankan nínú àgbàlá àwọn, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ohun tí a jọ fẹnu kò sí ni àtíbàbà tí mo lè tú lọ́jọ́ tí mo bá ń kó jáde. Mo kọ́kọ́ ronú oparun, ṣùgbọ́n ikán ò ní jẹ́ kó pẹ́. Páìpù irin mẹ́rin ni mo rà. Mo wá garawa ọ̀dà ńlá mẹ́rin tí àwọn pẹ́ńtà ti lò tán, mo gbé páìpù kọ̀ọ̀kan dúró sínú ọ̀kan, mo da kọnkéré kún un. Kò sí èyí tí a gbẹ́ mọ́ ilẹ̀, síbẹ̀ ìjì tó ṣí páànù ilé kejì wa lọ́dún tó kọjá kò mi àtíbàbà náà, nítorí mo fi wáyà so ó mọ́ ẹsẹ̀ tánkì pẹ̀lú. Páànù ló wà lókè, ó dà sẹ́yìn kí omi má bàa ṣàn sórí ọkọ̀, ó sì yọ síta dáadáa lápá ibi tí òjò ti máa ń fẹ́ wá. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ló dé tí n kò dí i. Atẹ́gùn tó ń gba ibẹ̀ kọjá ni mo ń wá, òun gan-an ni oògùn náà!

Ilẹ̀ ṣe pàtàkì tó òrùlé. Mo ro koríko kúrò, mo tẹ́ ọ̀rá dúdú tó nípọn sílẹ̀, mo da òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí, mo wá gbé pákó sábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan. Ibi kan ṣoṣo tí ọ̀rá ti wúlò fún ọkọ̀ nìyẹn o: kó wà láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀. Gíláàsì méjèèjì ń wà ní ṣíṣí ní ìwọ̀n ìka kan. N kì í fa hánńbíréèkì sókè tí yóò bá dúró pẹ́, kó má baà lẹ̀ mọ́ra. Òkúta ni mo fi ń há táyà. Ẹnu bátìrì kan ń wà ní yíyọ.

Ní ti eruku ọyẹ́, mo rí àwọn tó ń mú àkísà gbígbẹ nu ọkọ̀ wọn láràárọ̀. Yanrìn lẹ fi ń ha ọ̀dà yẹn. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i lára kí eruku ṣàn lọ. Tí ẹ bá fẹ́ bò ó nígbà ọyẹ́, aṣọ òwú tó rọ̀, tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá, lórí ọkọ̀ tí a ti fọ̀ tó sì gbẹ. Èmi ń lo bẹ́díṣíìtì ìyá mi méjì tí mo rán pọ̀. Igi máńgòrò ńkọ́? Ẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Oje rẹ̀ ń jẹ ọ̀dà, ìgbẹ́ ẹyẹ ń jẹ ọ̀dà, ewé rẹ̀ sì ń dí ihò tí omi ń gbà jáde lábẹ́ gíláàsì iwájú. Òjìji yẹn kò tó ohun tó ń gbà.

Èyí tí mo mọ̀ pé àwọn kan á bá mi jiyàn lé lórí ni pé ọkọ̀ tó bá ń sùn níta gbọ́dọ̀ máa rìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbé ọkọ̀ wọn kalẹ̀, mo sì mọ bí ọwọ́ ṣe há. Ṣùgbọ́n kéèyàn máa fi iná sí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó sì pa á, kì í ṣe ìtọ́jú. Omi ni ẹ ń kó jọ sínú sàlẹ́ńsà àti ọ́ìlì, kò gbóná tó láti gbẹ. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, mo ń wà á dé Mọ́níyà kí n tó yí padà. Ní ọ̀nà yẹn, àwọn àgbàlagbà máa ń juwọ́ sí i. Bàbá kan dá mi dúró níbi iná ojú pópó, wọ́n fọwọ́ pa fẹ́ńdà rẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ ṣeun," wọ́n sì kọjá lọ.

Àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri pẹ̀lú ọmọláńkẹ́ ti yà sí géètì wa lẹ́ẹ̀mẹta nítorí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan wà tí aládùúgbò wa bá mi dá sí i, ó ní kí n tà á kí n fi ra tókúnbọ̀. N kò bínú. Mo ṣí ilẹ̀kùn fún un, mo ní kó jókòó. Orúkọ mi tí bàbá mi fi bírò kọ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ mi ṣì wà níbẹ̀, ọ̀rinrin kò dé ibẹ̀.

Ojú ọ̀run ti ṣú báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ń bẹ lórí páànù àtíbàbà tí mo máa ń fi yọ ìdọ̀tí ihò kéékèèké ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀, mo fẹ́ lọ ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó rọ̀. Ẹni tó bá mọ onílé tó fi tapólì búlúù wé Ìjàpá ní Bódìjà yẹn, ẹ bá mi fi èyí hàn án. Ẹ sọ fún un pé mo ṣì ní páìpù méjì tó ṣẹ́kù àti garawa ọ̀dà tó pọ̀, ọ̀fẹ́ ni, kó kàn wá kó wọn.