Ta Ló Ni Ìgbálẹ̀?

(Kubwa, l'Àbújá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán, ọyẹ́ mú débi pé ètè ń la. Bàbá Rísì wọ súẹ́tà lé jalamíà, ó fi búùtà wọ́n omi síwájú ilé, ó ń gbálẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń fà sí bó ṣe ń gbá a, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà tẹ ibi tó ti mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kò mọ ìyẹn. Ojú atẹ́gùn ló kọ sí nígbà náà, gbogbo ewé dóńgóyárò sì kó sínú abọ́ kókó èmi tí mò ń gbé òdìkejì. Ìyá Rísì jáde.)

ÌYÁ RÍSÌ: Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ gbé ìgbálẹ̀ mi wá.

BÀBÁ RÍSÌ: Káàárọ̀. Lọ sinmi. Ṣebí ìwọ lo ní n kì í ràn ọ́ lọ́wọ́?

ÌYÁ RÍSÌ: Abọ́ àná wà ní kíṣìnnì, ẹ lọ ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀.

BÀBÁ RÍSÌ: Ta ló máa rí mi ní kíṣìnnì? (Ó pa ẹnu dé. Ọ̀rọ̀ ti bọ́.)

ỌMỌBÌNRIN KAN (ó ń sáré lọ wọkọ̀): Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o!

BÀBÁ RÍSÌ: O ṣé, ọmọ mi! Wà á lọ're, wà á bọ̀'re! (Ó yọ ìwé kékeré lápò, ó kọ nǹkan sí i.)

ÌYÁ RÍSÌ (ó já ìwé gbà, ó kà á): «Nọ́ńbà 17: onímọ́ínmọ́ín, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 20. Nọ́ńbà 18: ọmọ Pásítọ̀. Ó kí mi, ṣùgbọ́n kò dọ̀bálẹ̀ kanlẹ̀.» Yéè! Rẹ́jísítà lẹ ṣí fún ìkíni?

BÀBÁ RÍSÌ: Gbọ́. Ọdún 1989 ni mo wọṣẹ́ ọba. Nígbà tí wọ́n kó olú-ìlú kúrò l'Ékòó ní 1991, mo tẹ̀lé fáìlì wá síbí. Ọdún 35 pé, òfin ní kí n máa lọ sílé. Nínú gbogbo ọdún yẹn, «Ọ̀gá, nǹkan wa dà?» ni mò ń gbọ́. Ẹnì kan ò kí mi kú iṣẹ́ rí! Mo gbé ìgbálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, gbogbo Kubwa wá mọ̀ pé mò ń ṣiṣẹ́.

ÌYÁ RÍSÌ: Ó ṣe mí láàánú. Ẹ gbé ìgbálẹ̀ wá.

(Màìrúwà ti kẹ̀kẹ́ omi dé. Adágún Usuma ò jìnnà sí wa, àmọ́ aláǹtakùn ló ń gbé ẹnu ẹ̀rọ ilé yìí. Ọkùnrin náà ti gbé Sábó n'Íbàdàn rí, Yorùbá rẹ̀ dán ju ti àwọn ọmọ mi lọ.)

MÀÌRÚWÀ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́! Hajiya, ina kwana?

ÌYÁ RÍSÌ (ó ń ṣẹ́jú sí i): Lafiya. Tètè já omi rẹ.

MÀÌRÚWÀ: Mẹ́wàá rèé. Ìkọkànlá, gyara Hajiya.

BÀBÁ RÍSÌ: Dúró ná. Gyara kí ni?

MÀÌRÚWÀ: Èènì ni. Bí Hajiya bá ń gbálẹ̀, wọ́n á bu kókó gbígbóná fún mi, èmi náà á fi jálíkàn kan sí i. Ó ti pé ọdún mẹ́ta.

BÀBÁ RÍSÌ: Ìyá Rísì, jálíkàn mélòó lo ń gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ mi?

ÌYÁ RÍSÌ (ó gbójú sókè): Ewé yìí mà ń já o.

BÀBÁ RÍSÌ: Mọ́kànlá!

ÌYÁ RÍSÌ: Òun ni mo fi ń dá àjọ. Àjọ yẹn ló ra súẹ́tà tó wà lọ́rùn yín.

(Bàbá Rísì fọwọ́ kan súẹ́tà.)

ÌYÁ RÍSÌ: Ogún ọdún ni mo fi gbá iwájú ilé yìí. Àràárọ̀ lẹ ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ síbi iṣẹ́. Kí lẹ máa ń sọ?

BÀBÁ RÍSÌ (ohùn rẹ̀ wálẹ̀): «Rọra, má da erùpẹ̀ sí mi ní bàtà.»

(Màìrúwà bẹ̀rẹ̀ sí wo ìdérí jálíkàn bí ẹni tí kò rí i rí.)

BÀBÁ RÍSÌ: Ìyá Rísì... o kú iṣẹ́.

ÌYÁ RÍSÌ (ó ṣí rẹ́jísítà, ó gba bírò): Nọ́ńbà kìíní. Ẹ máa bá a lọ, ogún ọdún ni.

BÀBÁ RÍSÌ: O kú iṣẹ́. O kú iṣẹ́. O kú...

ÌYÁ RÍSÌ: Ẹ rọra, mò ń kọ ọ́.

MÀÌRÚWÀ: Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó dé ẹgbẹ̀rún, owó omi mi ńkọ́?