Kò sẹ́ni tó pariwo iná nínú ẹjọ́ yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún èyí ṣe. Ẹ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti dájọ́ ẹni tó pariwo "iná!" nínú gbọ̀ngàn eré tó kún fọ́fọ́, pé ìdí nìyẹn tí ìjọba fi lè ka ọ̀rọ̀ tó bá léwu léèwọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Àpèjúwe lásán ni Oliver Wendell Holmes, adájọ́ kan nílé ẹjọ́ náà, fi ṣe lọ́dún 1919, ẹni tó parọ́ iná ló sì ń bá wí. Charles Schenck, akọ̀wé ẹgbẹ́ Sósíálíìsì ní Philadelphia, ló wà níwájú wọn. Ìwé pélébé ló pín, tó fi tako fífi ipá mú ọ̀dọ́ wọṣẹ́ ológun. Ìwé lásán, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n! Ó ń dùn mí pé gbólóhùn tí wọ́n fi ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́lé la sọ di ọ̀rọ̀ ọgbọ́n.

Lọ́dún 1969, nínú ẹjọ́ Brandenburg láti ìpínlẹ̀ Ohio, ilé ẹjọ́ náà fi òṣùwọ̀n mìíràn rọ́pò èyí tí Holmes lò nínú ẹjọ́ Schenck. Kí wọ́n tó lè fìyà jẹ ẹni tó ń ru èèyàn sókè, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ó fẹ́ kí wọ́n rúfin lójú ẹsẹ̀, kó sì jọ pé wọ́n máa rú u lóòótọ́. Aṣáájú Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun tó kórìíra aláwọ̀ dúdú, ni Brandenburg, ọ̀rọ̀ ìríra ló sọ, síbẹ̀ ó jàre.

Ààlà ṣì wà fún ọ̀rọ̀ sísọ o: ìhalẹ̀mọ́ni gidi wà lára rẹ̀, ìbanilórúkọjẹ́ náà wà níbẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ tọ́ka sí.