Ta Ni Yóò San Èlé Ọjọ́ Tí Iṣẹ́ Dúró?

Ọmọ Ìdúmọ̀tà: Ní 12 oṣù kẹrin 2023, ilé alájà méje tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Banana Island, n'Íkòyí, wó lulẹ̀. Gómìnà Sanwó-Olú pàṣẹ pé kí gbogbo iṣẹ́ ìkọ́lé tó ń lọ ní erékùṣù náà dúró. Mo fara mọ́ ọn. Nígbà náà, kò tíì pé ọdún méjì tí ilé alájà 21 wó n'Íkòyí yìí kan náà, ní Gerrard Road, 1 oṣù kọkànlá 2021. Ó pa ènìyàn tó ju 40 lọ.

Bàbá Onílé: Ọmọ mi, ẹni tó ṣẹ̀ ńkọ́, ẹni tí kò ṣẹ̀ ńkọ́? Àdúgbò tèmi kì í ṣe ibẹ̀, àmọ́ etí ọ̀sà ni, wọ́n sì ti dá tiwa náà dúró. Mo ní pláànù tí wọ́n fọwọ́ sí. Kòtò ìpìlẹ̀ ti jìn, irin ti wà nínú rẹ̀. Owó báńkì ni. Wọ́n dá bíríkìlà mi dúró, wọn ò dá èlé dúró.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà: Ẹ má bínú, bàbá. Ìjọba ní ilé tó wó yẹn kò gba àṣẹ ìkọ́lé rárá. Bí alájà méje bá lè ga sókè láìní ìwé, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ ti ẹni tó ní ìwé láìdá gbogbo rẹ̀ dúró kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan?

Ìyá Táyélolú: Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Títí di ọjọ́ wo? "Ẹ dúró" tí kò bá ní ọjọ́ ìparí, gbígba ilẹ̀ ni lójú tèmi, abala 44 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sì ní ẹni tó bá gba dúkìá onídúkìá gbọ́dọ̀ san owó gbà-má-bínú. Ẹ má sì sọ pé olówó nìkan ló kàn. Lébìrà tó ń gbowó ojúmọ́, kí ló fẹ́ jẹ lálẹ́ òní?

Adé Houston: Wọ́n ti jà á dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà níbí. Lake Tahoe ni, láàárín California àti Nevada. Omi tó mọ́ gaara ń dàrú nítorí ilé tó ń pọ̀ sí i létí rẹ̀, ni wọ́n bá dá ìkọ́lé dúró fún oṣù 32, láti 1981 sí 1984. Àwọn onílẹ̀ ní kí ìjọba sanwó. Ní 2002, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ní dídá iṣẹ́ dúró fúngbà díẹ̀ kò fi dandan jẹ́ gbígba ilẹ̀. Wọ́n ṣáà sọ pé èyí tó bá ju ọdún kan lọ, ó yẹ kí a fura sí i.

Ìyá Táyélolú: Ẹ ò rí i? Wọ́n ka ọjọ́.

Ẹ́ńjíníà Kankéré: Kòtò ìpìlẹ̀ létí ọ̀sà kì í dúró de ìjọba. Banana Island yẹn, yanrìn ni wọ́n fi dí omi kó tó di ilẹ̀. Bí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá dúró, omi á kún kòtò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ya, ìpìlẹ̀ ilé ẹni kejì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Irin tó yọrí síta á dípẹtà nínú atẹ́gùn oníyọ̀. Bí wọ́n bá wá da kankéré lé ìpẹtà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ewu tí a ń sá fún gan-an la kọ́ mọ́lé. Kí wọ́n yọ iṣẹ́ ààbò sílẹ̀ nínú àṣẹ: fífa omi, fífi omi símẹ́ǹtì kun irin, títi ẹ̀gbẹ́ kòtò lẹ́yìn.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà: Mi ò rò ó débẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ta ló máa ṣọ́ ẹni tó ní omi lòun ń fà, tó wá ń da kankéré lóru?

Ẹ́ńjíníà Kankéré: Ọkọ̀ kankéré ni kí wọ́n dá padà lẹ́nu géètì. Ẹni tó ń fa omi ò nílò rẹ̀.

Bàbá Onílé: Omi ti dé orókùn nínú kòtò mi láti àná. Mo fẹ́ mú lẹ́tà lọ lọ́la. Àyè àtifa omi nìkan ni mò ń tọrọ, ọ̀rọ̀ èlé á dúró ná. Ẹ́ńjíníà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ síbẹ̀?

Ẹ́ńjíníà Kankéré: Bí kòtò ṣe jìn tó, bó ṣe súnmọ́ ilé aládùúgbò tó, àti fọ́tò omi náà tòun ti ọjọ́ tí ẹ yà á. Ẹ so ẹ̀dà ìwé àṣẹ yín mọ́ ọn, sà.